Kà Á Sí Mi Létí

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkùnrin kan máa ń jókòó sábẹ́ agbòòrùn dúdú níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn. Tábìlì rẹ̀ kò fẹ̀ ju àtẹ ìyá aláta lọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, ìgò íńkì kan, àti ìdì bébà tó fi òkúta tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ: ohun tó fi ń bọ́ ọmọ nìyẹn. Ó ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà. Ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Ti Yorùbá, ọwọ́ ló fi ń kọ ọ́. Ní 1964, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìyá bàbá mi fà mí lọ́wọ́ lọ bá a, nítorí ó fẹ́ ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá mi tó ń ṣòwò ní Tamale, ní ilẹ̀ Gánà, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣe nígbà náà.

Màmá ń sọ, akọ̀wé ń kọ. Màmá ní ara òun le. Ó ní òjò ti wó ògiri ẹ̀yìnkùlé, ewúrẹ́ tí ọmọ náà rà sílẹ̀ ti kú, owó tó fi rán onímọ́tò kò sì pé nígbà tó dọ́wọ́ òun. Akọ̀wé kọ ọ́ tán, ó ń ká bébà sínú àpòòwé. Màmá na ọwọ́ dá a dúró. "Ẹ dákun, ẹ kà á sí mi létí."

Ó kà á. Lẹ́tà náà dùn gbọ́. Ìkíni gígùn ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ní pẹ̀lú ìdùnnú ọkàn ni òun fi gbé kálámù òun, ó ní ọpẹ́ ni fún Olúwa pé ohun gbogbo ń lọ déédéé. Ewúrẹ́ kò sí níbẹ̀. Owó tí kò pé kò sí níbẹ̀. Màmá dákẹ́ títí ó fi kà á tán. Ó wá ní, "Akọ̀wé, ẹ ṣeun. Ìwé yín dára. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Èmi ò gbé kálámù rí láyé mi. Ẹ bá mi dá ewúrẹ́ mi padà síbẹ̀." Ojú ọkùnrin náà korò díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú bébà mìíràn. Nígbà tó kà á lẹ́ẹ̀kejì, Màmá ní ó tó bẹ́ẹ̀, ó tẹ àtàǹpàkò sí i. Akọ̀wé náà sì kọ orúkọ ara rẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sísàlẹ̀.

Mo ti di tíṣà kí n tó mọ̀ pé ìwà rere nìkan kọ́ ló mú un kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Òfin ni. Láyé àwọn òyìnbó ni wọ́n ti ṣe òfin kan láti dáàbò bo aláìmọ̀wé, ó sì wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà dòní. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá bá aláìmọ̀wé kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Orúkọ yẹn dúró bí ìbúra: pé ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló rán òun, pé ohun tó rán òun gẹ́lẹ́ ni òun kọ, pé òun kà á fún un, ó sì yé e, kó tó tẹ̀ka sí i.

Ọdún 35 ni mo fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ilé-ìwé girama n'Íbàdàn. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì, iṣẹ́ akọ̀wé Dùgbẹ̀ lèmi náà wá ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń wá bá mi mọ̀wé dáadáa. Ọmọ ọdún 16, ọdún 17 ni wọ́n, àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n jáde girama, tí wọ́n fẹ́ wọ yunifásítì lókè òkun, tí wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò san owó ilé-ìwé fún wọn. Ohun tí wọ́n ń gbé wá kò pọ̀, àròkọ kan péré ni. Ṣùgbọ́n inú àròkọ yẹn ni mo ti rí ohun tí a ti sọ àwọn ọmọ wa dà, mo sì ti rí ọwọ́ èmi náà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. JAMB kì í béèrè irú ẹni tí ọmọ jẹ́. Máàkì ló ń béèrè. Amẹ́ríkà yàtọ̀. Àwọn yunifásítì tó lé ní 1,000 ló ń gba fọ́ọ̀mù kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Common App, tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì 15 dá sílẹ̀ ní 1975. Fọ́ọ̀mù náà fẹ́ àròkọ kan tí kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 250, tí kò sì gbọdọ̀ ju 650 lọ. Kò béèrè ohun tí ọmọ kà nínú ìwé. Ó ń béèrè ìgbà tí nǹkan dojú rú fún un, ohun tí ó gbà gbọ́ rí tí kò gbà gbọ́ mọ́, ohun tí ó máa ń ṣe tí kì í mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Àwọn tó ń fúnni ní sikọ́láṣíìpù tún ní tiwọn, ọ̀rọ̀ 300 níhìn-ín, ọ̀rọ̀ 500 lọ́hùn-ún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ UCAS ló ń gba tiwọn, lẹ́tà àti àlàfo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 4,000 lọ. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìbéèrè kan náà lọ: ta ni ọ́?

Kò sẹ́ni tó bi ọmọ wa ní ìbéèrè yẹn rí. Nínú ilé wa, ọmọ kì í sọ irú ẹni tí òun jẹ́. Àwọn mìíràn ló ń sọ ọ́ fún un. Ìyá àgbà á jí i láàárọ̀, á ki í ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, ọmọ á máa gbọ́ orúkọ àwọn tó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀, á sì mọ̀ pé òun kì í ṣe ẹni tó já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ọmọ tó bá dìde láàárín àgbà, tó ní "èmi ni mo ṣe èyí, èmi ni mo ṣe tọ̀hún," wọ́n á ní onífọ́nnu ni, wọn ò sì parọ́. Mi ò ka ẹ̀kọ́ yìí sí àléébù. Ó ti kó ọ̀pọ̀ wa yọ nínú ìgbéraga. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a fi í tọ́, tí a wá gbé bébà òfìfo síwájú rẹ̀ tí a ní kó ki ara rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á wúwo. Àkókò yẹn gan-an ló yẹ kí àgbà jókòó tì í. Àkókò yẹn gan-an ni àgbà ń já bíró gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ tiẹ̀ wo orúkọ tí a fún irú ìwé yìí. Àròkọ: ohun tí a rò, tí a wá kọ. Ìrònú ló ṣíwájú. Bí ẹnìkan bá rò ó, tí ẹlòmíràn bá a kọ ọ́, tó sì kà á fún un, a rí orúkọ pè é. Lẹ́tà Màmá nìyẹn. Bí ẹlòmíràn bá rò ó, tí ẹlòmíràn náà tún kọ ọ́, tí ọmọ wá fọwọ́ sí i pé tòun ni, kí la ó pè é? Nítorí pé ó ń fọwọ́ sí i. Kí fọ́ọ̀mù Common App tó lọ, ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé iṣẹ́ òun ni, òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ yẹn máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́ láyé.

Ìyá kan wá bá mi lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ó mú ọmọkùnrin rẹ̀ dání. Obìnrin náà níwà, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ ṣáà bá a kọ ọ́. Ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kó yọ yín lẹ́nu. Ohun tẹ́ ẹ bá ní kí n san, màá san án." Ọmọ náà jókòó lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ wà láàárín itan, ó ń wo ilẹ̀. Ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mi ò rò pé ìyá yẹn fẹ́ ibi fún ọmọ rẹ̀. Ìfẹ́ ló ń yí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ níṣojú ọmọ ni pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó ohun tí a lè gbé síwájú àlejò. Bí ilé wa bá dọ̀tí tí àlejò ń bọ̀, a máa ń gbá a. A kì í yá ilé onílé kí a sì ní tiwa ni.

Mo ti sọ pé mo rí ọwọ́ èmi náà nínú rẹ̀. Ní 2009, kí n tó fẹ̀yìntì, ọ̀rẹ́ mi kan bẹ̀ mí nítorí ọmọbìnrin rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́n nínú ìṣirò bí ẹni pé wọ́n fi bí i, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, ṣe ni yóò máa fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń ti fọ́ọ̀mù ku ọ̀la. Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ náà, mo kọ àròkọ náà láti orí dé ìdí. Mo kọ ọ́ dáadáa. Ó wọlé, wọ́n sì fún un lówó. Ìyá rẹ̀ jó wá sílé mi, èmi náà jó.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, ọmọ náà wá kí mi. Ó ti gboyè, ó ti ń ṣiṣẹ́. A jẹun, a ṣàwàdà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, ó ní òun fẹ́ sọ ohun kan tí òun kò sọ fún ìyá òun rí. Ó ní lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí òun dé ọ̀hún, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gba ọmọ wọlé dá òun mọ̀, ó yọ̀ mọ́ òun, ó sì ka gbólóhùn kan nínú àròkọ náà fún òun láti orí, ó ní gbólóhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn òun. Ọmọ náà ní òun rẹ́rìn-ín, òun sì sá lọ sí ilé ìyàgbẹ́, torí òun kò rántí pé gbólóhùn náà wà níbẹ̀. "Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń rò pé ẹ̀yin ni wọ́n gbà, mà. Wọn ò gbà mí. Bí mo bá gba máàkì tó ga, mo máa ń rò pé àṣìṣe ni. Bí mo bá gba èyí tó kéré, mo máa ń sọ pé, ó tán, wọ́n ti mọ̀." Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó nù ún, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi kó tó jáde. Ìdúpẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà.

Àwọn kan á ní ayé ló bàjẹ́, àwọn olówó Amẹ́ríkà gan-an ń ṣe é. Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta 2019, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní Boston fẹ̀sùn kan ènìyàn 50. Olórí wọn, Rick Singer, ti gba ohun tó lé ní mílíọ̀nù 25 dọ́là lọ́wọ́ àwọn òbí láti fi ọ̀nà ẹ̀bùrú gba ọmọ wọn wọ yunifásítì ńláńlá. Wọ́n yanṣẹ́ fún ẹni tí yóò tún ìdáhùn ìdánwò ṣe, wọ́n sọ ọmọ tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí di agbábọ́ọ̀lù nínú ìwé. Ní oṣù kìíní 2023 ni kóòtù rán Singer lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta àtààbọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí tu ara rẹ̀ nínú. Àwa tí a rántí ìdánwò WAEC 1977, tí ìbéèrè rẹ̀ jáde kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, tí orúkọ "ẹ́kispò" sì di orúkọ olè ìwé ní ilẹ̀ wa, a mọ̀ pé a kò dúró de Amẹ́ríkà kó tó kọ́ wa.

Ohun tó tún dùn mí ju olówó tó ń ra ọ̀nà lọ ni irọ́ tí à ń kọ́ tálákà. Ọmọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ mi, ọdún 17, ó tinrin, ó mọ́ tónítóní. Ó gbé àròkọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n kàn bá òun wo Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni. Ìlà àkọ́kọ́ sọ pé bàbá rẹ̀ kú lóru ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún 11. Ó ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe gbé òkú wọlé, bí ìyá rẹ̀ ṣe fi orí gbo ilẹ̀, bí òun ṣe búra níbi sàréè pé òun yóò di dókítà. Mo kà á, omi lé ròrò sí mi lójú. Mo bọ́ dígí ojú mi. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ta ló wá ń tọ́jú yín láti ìgbà náà?"

Kò dáhùn. A gbọ́ fèrè ọ̀kadà níta. Orí rẹ̀ tẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé. Ó ní, "Bàbá mi nìyẹn, mà."

Bàbá náà wọlé, ó bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ kú làálàá, mà. Ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀. Òun ló ń gba wa lọ́kàn." Àwọ̀ ojú rẹ̀ ti ṣá nínú oòrùn. Mo wo òun, mo wo bébà tó wà lọ́wọ́ mi, níbi tí wọ́n ti sin ín.

Nílé Yorùbá, a kì í fi ẹnu ṣeré pẹ̀lú ikú òbí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó súnmọ́ ọn pàápàá, á kọ́kọ́ ní "kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Èmi ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ lè pani. Mo mọ̀ pé ó ń ṣe ẹni tó sọ ọ́ ní nǹkan. Nígbà tí bàbá náà ti padà sídìí ọ̀kadà rẹ̀, ọmọ náà sunkún, ó sì jẹ́wọ́. Ajẹ́ǹtì kan ló sọ fún un pé àwọn tó ń fúnni ní sikọ́láṣíìpù fẹ́ràn ọmọ òrukàn, pé bàbá tó ń gun ọ̀kadà kò tó ìyà, gbogbo ọmọ ilẹ̀ yìí ló ní irú bàbá bẹ́ẹ̀. Ajẹ́ǹtì náà ló kọ ọ́. Bàbá náà ló san owó rẹ̀. Ó fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ gbé èrò láti Mọ̀kọ́lá sí Òjóò, láti Òjóò sí Mọ̀kọ́lá, ó kó owó náà jọ, ó kó o fún ẹni tó pa á.

Ajẹ́ǹtì yẹn kò sì nìkan dá irú ọgbọ́n burúkú yìí. Ní oṣù kọkànlá 2018, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí ilé-ìwé kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Louisiana, T.M. Landry, tí òkìkí rẹ̀ kàn pé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú rẹ̀ ń wọ Harvard àti Yale. Ìwé ìròyìn náà ní wọ́n ń yí máàkì, wọ́n sì ń hun ìtàn ìyà tí kò ṣẹlẹ̀ fún àwọn ọmọ, irú ìtàn tí wọ́n rò pé òyìnbó fẹ́ gbọ́ nípa ènìyàn dúdú. Àánú ti di ọjà. Ọmọ tí kò bá ní ọgbẹ́, wọ́n á bá a ya ọ̀kan. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ní Houston. Nọ́ọ̀sì ni, ọkọ rẹ̀ ń ta oògùn, ọmọ wọn sì ń múra àtiwọ yunifásítì. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti sọ ní oṣù kẹfà 2023 pé yunifásítì kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yà ọmọ ṣe òṣùwọ̀n mọ́, adájọ́ àgbà John Roberts kọ ọ́ sínú ìdájọ́ pé ọmọ ṣì lè sọ bí ẹ̀yà rẹ̀ ṣe kan ìgbésí ayé rẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ẹrù náà wá wà lórí àròkọ. Ẹni tó ń tọ́ ọmọ wọn sọ́nà ní ilé-ìwé bi í pé, níbo ni ìyà rẹ wà? Ọmọ náà pè mí lórí fóònù, ó ní, "Màmá, mi ò jìyà. Kí ni kí n ṣe?" Mo ní kó kọ ohun tó máa ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Ó kọ ọ́ pé òun ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún ìyá bàbá òun nílé ìwòsàn, àti pé lọ́jọ́ kan òun mọ̀ọ́mọ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà lódì, nítorí ẹnu òun kò gbé òótọ́ náà dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà. Mo ka èyí, mo jókòó jẹ́ẹ́. Kò sí ẹni tó lè bá a ro ìyẹn.

Ẹ̀rọ náà wá dé ní oṣù kọkànlá 2022, ChatGPT àti àwọn àbúrò rẹ̀, tó ń kọ àròkọ kí omi tó hó. Common App ti sọ pé ẹni tó bá fi iṣẹ́ ẹ̀rọ ránṣẹ́ bíi tara rẹ̀, jìbìtì ló lù. Mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀rọ, nítorí kì í ṣe òun ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2007, ọdún 15 kí ó tó dé, UCAS yẹ àròkọ 50,000 wò, ó sì bá a pé ọmọ 234 ló sọ pé òun sun ihò sára aṣọ ìsùn òun nígbà tí òun ń fi kẹ́míkà ṣeré lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Ọmọ 234, aṣọ kan náà, iná kan náà. Ènìyàn ló kọ gbogbo ìyẹn. A ti ń yá ẹnu ara wa lò tipẹ́. Ẹ̀rọ kàn jẹ́ kí owó ìyálò rẹ̀ wálẹ̀ ni.

Èmi ò sọ pé kí a má ran ọmọ lọ́wọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè. Ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ni àwọn òbí máa ń rántí tí wọ́n bá wá bá mi. Mo mọ ohun tó wà lórí pẹpẹ: mo mọ Gẹ̀ẹ́sì, mo mọ ọjọ́ tí wọ́n ń ti fọ́ọ̀mù, mo mọ ilé-ìwé tó ń san owó fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè àti èyí tí kì í san, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ 650 kò gba ìtàn méjì. Gbogbo ìyẹn ni mo ń gbé sọ̀kalẹ̀ fún wọn, mi ò sì fi ohunkóhun pamọ́. Ṣùgbọ́n kèrègbè, ọwọ́ mi kò wọ̀ ọ́, mo sì ti jáwọ́ nínú fífọ́ ọ.

Nítorí náà, bí ọmọ bá dé, n kì í mú bíró dání. Mo ń bi í ní ohun kékeré. Kí lo ṣe láàárọ̀ òní kí o tó jáde nílé? Ta ló bú ọ kẹ́yìn, o sì mọ̀ pé ó jàre? Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe tí ẹlòmíràn nílé yín kò mọ̀? Yorùbá ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, torí pé Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ́ wọn ní ilé-ìwé kún fún gbólóhùn tí a ti sè sílẹ̀. Ó máa ń gba ọjọ́ méjì, mẹ́ta, kí wọ́n tó sọ ohun tó ní ara. Wọ́n á lọ kọ ọ́ fúnra wọn. Bí wọ́n bá gbé e padà, ibi tí kò yé mi nìkan ni mo ń fàlà sí; n kì í kọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Wọ́n á kà á sí mi létí. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, mo ń ní kí wọ́n lọ kà á fún ẹnìkan tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn ọmọ kì í fẹ́, mi ò sì gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ ọlọ́kadà padà wá lọ́jọ́ kejì. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún bàbá òun, mi ò sì sọ. Mo fa bébà náà ya, mo tiná bọ̀ ọ́, a jọ wo bó ṣe jóná. N kò mọ̀ bóyá mo ṣe é dáadáa láti pa á mọ́ fún bàbá náà. Mo bi ọmọ náà ní àwọn ìbéèrè mi. Ọjọ́ kìíní, kò rí nǹkan sọ. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó ti dìde tó fẹ́ máa lọ, ó ní òun ló ń bá bàbá òun kọ owó sílẹ̀.

Mo ní owó wo?

Ó yọ ìwé kékeré kan nínú báàgì rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, wọ́n fi sẹ́lótéèpù dì í. Ọ̀kadà náà kì í ṣe ti bàbá rẹ̀ nígbà tó gbà á. Ó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ẹni tó rà á, títí yóò fi pé tí yóò di tirẹ̀. Bàbá kò mọ̀wé. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní kíláàsì kẹta girama, ó máa ń jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, á bi í ní iye tó san, á kọ ọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí iná, tó ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ka ìwé náà ṣeré, ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Owó náà ti pé. Ó ti pé tipẹ́, ẹni náà sì ń gbà á lọ. Ọmọ náà ní òun tún un rò nígbà mẹ́rin, torí pé ẹ̀rù ń ba òun láti jí bàbá òun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn méjèèjì gba ilé ẹni náà lọ, bàbá níwájú, ọmọ lẹ́yìn, ìwé kékeré náà nínú àpò.

Ó sọ èyí bí ẹni tó ń sọ nǹkan lásán. Ó ní, "Ṣé èyí náà lè jẹ́ nǹkan, mà?"

Ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó kọ ọ́ tán. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dán tó ti ajẹ́ǹtì. Nígbà tó kà á sí mi létí, mo ní ó ku ẹnìkan. Ọ̀sán Sátidé ni bàbá náà wá, ó pa ọ̀kadà sábẹ́ igi máńgòrò, ó jókòó sórí àkàsọ̀ níwájú ilé mi, ó fi etí bùbá nu ojú. Ọmọ náà dúró níwájú rẹ̀, ó ń ka ìlà kan ní Gẹ̀ẹ́sì, á tún un sọ ní Yorùbá, á bọ́ sí èyí tó kàn. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ ń gbọ̀n. Bàbá ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni pé oúnjẹ ló ń jáde níbẹ̀.

Ó kà á dé ibi tó ti kọ pé ẹni tó ni ọ̀kadà ti fi ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gba owó tí kò tọ́ sí i. Bàbá gbé ọwọ́ sókè.

"Mọ́kànlá kẹ̀? Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni."

Ọmọ náà wò mí. Ó ní, "Bàbá mi, mọ́kànlá ni mo ti kọ síbẹ̀."

"Mẹ́sàn-án ni. Ọkùnrin yẹn rẹ́ mi jẹ, ṣùgbọ́n mi ò ní pa irọ́ ọ̀sẹ̀ méjì mọ́ ọn."

Ọmọ náà yọ ìwé kékeré náà, ó fi ìka tọ ìlà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Ó mú bíró, ó fagi lé mọ́kànlá, ó kọ mẹ́sàn-án sókè rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ó dáa. Padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kà á sí mi létí."